Ẹni Tó Ń Lé Ẹyẹ Ló Wà Lójú Ìbọn

Ní Kétu àti Mile 12 lónìí, bí wọ́n bá pe ènìyàn ní ọdẹ, kì í ṣe ẹran ló ń pa. Ọdẹ tí àwọn ìyálọ́jà mọ̀ ni bàbá tó ń gbé tọ́ọ̀ṣì àti fèrè káàkiri ìsọ̀ lóru, tí wọ́n ń dáwó fún lóṣooṣù. Ohun tó sọ ọdẹ ẹran di ẹni tó ń ṣọ́ tòmátì àti ata kò ṣòroó mọ̀. Igbó ti tán. Ilé àti ìsọ̀ ló gba ilẹ̀ tí igbó wà tẹ́lẹ̀ ní Ìkòsí.

Ṣùgbọ́n bí igbó tán, ìfẹ́ ìbọn ò tán. Àwọn ọlọ́lá wà tó jẹ́ pé bí ọ̀sẹ̀ bá parí, eré tó wù wọ́n ni kí wọ́n gbé ìbọn olójú méjì sẹ́yìn mọ́tò, kí wọ́n forí lé oko. Bí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ bá yà sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Kétu, tó ní òun ń wá ọmọkùnrin mẹ́wàá tí yóò bá òun lé awó àti àparò jáde nínú igbó ní Sátidé, oúnjẹ wà, owó wà, kí ni kí wọ́n dá a lóhùn? Iṣẹ́ kì í ṣe èèwọ̀. Àmọ́ ó yẹ kéèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kó tó wọ mọ́tò onímọ́tò.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló sọ irú ọdẹ yìí di òwò ńlá. Ẹyẹ tí wọ́n ń pa jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní pheasant, ẹbí kan náà sì ni òun àti àparò. Ẹyẹ náà kì í ṣèèṣì pọ̀ nínú igbó o. Wọ́n ń sìn ín bí ẹni ń sin adìẹ ni, wọ́n á wá tú u sígbó kí àkókò ọdẹ tó dé. Ó lé ní ogún mílíọ̀nù tí wọ́n ń tú sílẹ̀ ní Bìrìtéènì lọ́dọọdún. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀kítóbà sí ọjọ́ kìíní oṣù Fẹ́búárì ni òfin gbà wọ́n láyè láti pa á, òfin ọdún 1831 sì kọ̀ fún wọn láti pa á lọ́jọ́ Sọ́ńdè tàbí ọjọ́ Kérésìmesì.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣeré náà á sanwó fún olóko, iye ẹyẹ tí wọ́n bá dá lé ni wọ́n sì sábà fi ń díye lé ọjọ́ náà. Oníbọn bíi mẹ́jọ á tò lórí ìlà, oníkálùkù nídìí igi nọ́ńbà tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n háyà, tọ̀pá lọ́wọ́, á tò ní òdìkejì, wọ́n á máa lu igbó bọ̀. Ẹyẹ á fò, á gba orí àwọn oníbọn kọjá. Ajá ló ń he èyí tó bá já bọ́. Bí wọ́n bá ka ẹyẹ tán lálẹ́, orúkọ oníbọn ni wọ́n ń pè, wọn kì í pe ti ẹni tó fi ọ̀pá lu ẹ̀gún láti àárọ̀.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Dìsẹ́ḿbà ọdún 1913, ní oko Hall Barn lẹ́bàá ìlú Beaconsfield, Ọba George Karùn-ún àti àwọn àlejò mìíràn pa pheasant 3,937 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ní ọba fúnra rẹ̀ gbà nígbà tí wọ́n ń padà lọ pé àwọn ti ṣe àṣejù. Àṣejù kẹ̀! Ta ni yóò jẹ gbogbo rẹ̀ tán?

Síbẹ̀, a kì í tìtorí àṣejù ọba kọ ọgbọ́n tó wà nínú ètò wọn. Nígbà tí àwọn tó ń lé ẹyẹ bá súnmọ́ tòsí, wọ́n á fun ìwo. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìnbọn síwájú mọ́. Òfin kejì ni pé ojú ọ̀run gbọ́dọ̀ hàn lẹ́yìn ẹyẹ kí wọ́n tó yìn ín. Ẹyẹ tó bá fò nílẹ̀, kó máa lọ, orí ti kó o yọ nìyẹn.

Ibí gan-an ni wàhálà wà fún ọmọ Kétu. Àparò kì í fò lọ sókè réré. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ń sá, ìgbà tó bá rí i pé ọ̀nà ti dí ló ń fò pìì, kò sì ní fò jìnnà sílẹ̀. Awó náà, eré sísá ló mọ̀ kó tó mọ fífò. Ẹni tó bá yìnbọn sí àparò tó fò ní ìwọ̀n àyà, àyà ẹni tó ń lé e bọ̀ lẹ́yìn ló na ìbọn sí. Àwọn àgbà ní kò sí àparò tó ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Gíga rẹ̀ náà kò sì ju ti ẹni tó ń lé e lọ.

Ọdẹ àpapọ̀ kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí koríko bá gbẹ, àwọn ọdẹ a máa kóra jọ wọgbó, ẹni tó jẹ́ olórí wọn a sì pín ibùba fún kálukú. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde lọ́dún 1938, nígbà tí ọba rán Àkàrà-ògùn sí Òkè Lángbòdó, kò dá lọ. Ó kó akẹgbẹ́ jọ, ẹ̀bùn kálukú sì yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì. Bí ìrìn ọdẹ ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́rin wà tó yẹ kí ọmọ iṣẹ́ bi ọ̀gá onímọ́tò. Èkíní, ìwé ìbọn dà? Òfin ìbọn ti ọdún 1959 kò yọ ṣakabùlà pàápàá sílẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá dá mọ́tò dúró, kì í ṣe oníbọn nìkan ni yóò dé tẹ́ṣàn.

Èkejì, igbó ta ni? Odò Ògùn tó ń kún wọlé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ lẹ́bàá Mile 12, òkè lọ́hùn-ún ló ti ń bọ̀, ó sì gba igbó Ọ̀yọ́-Ilé kọjá. Ìjọba ti fi igbó ibẹ̀ ṣe ìpamọ́ ẹran láti ọdún 1952, wọ́n sì sọ ọ́ di pákì ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 1991. Ẹni tó bá lọ pa ẹyẹ níbẹ̀ ti rúfin.

Ẹ̀kẹta, ta ni olórí, kí sì ni àmì tí gbogbo ìbọn yóò fi dákẹ́? Bí ìgò ọtí bá ti wà nínú mọ́tò láàárọ̀, kí ọmọ náà tètè rántí pé ìyá òun ń pe òun nílé. Ẹ̀kẹrin, bí ọta bá ba ènìyàn, ta ni yóò sanwó ọsibítù? Ojú àwọn ẹlẹ́rìí ni kí wọ́n ti sọ ìyẹn, kí wọ́n sì sọ iye owó iṣẹ́ àti ìpín ẹran mọ́ ọn. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ẹni tí kò ro ìyà kankan, tó jẹ́ pé orí ìdúró ló ti yìnbọn, ṣé yóò wá rántí ẹni tí ẹ̀gún ya lẹ́sẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin ìyá tó ń se ẹran náà. Bí wọ́n bá gbé ẹyẹ tí ìbọn pa wálé, ẹ wo ara rẹ̀ fínnífínní, kí ẹ yọ ọta inú rẹ̀, kí ẹ sì gé ẹran tó yí ojú ọgbẹ́ ká dànù. Òjé ni ọ̀pọ̀ ọta náà. Lọ́dún 2012, iléeṣẹ́ ìjọba Bìrìtéènì tó ń rí sí oúnjẹ kìlọ̀ pé kí àwọn tó ń jẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́ dín in kù, pàápàá aboyún àti ọmọdé. Ẹ má gbàgbé ohun tí òjé ṣe ní Zamfara lọ́dún 2010, níbi tó ti pa ọmọ tó lé ní irínwó nítorí wúrà tí wọ́n ń wà. Ẹyẹ tí kò sì ní ojú ọta, tí kò ní àpá pańpẹ́, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé kí ló pa á. Bó bá ń kùn hùn-ùn, ẹ fi ẹran rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ènìyàn ò gbọdọ̀ ṣe bí ẹyẹ. Ẹni tó bá mọ ọmọkùnrin kan tí wọ́n ti bẹ̀ lọ́wẹ̀ fún Sátidé tó ń bọ̀, kó tètè sọ fún un.