Títún Ilé Ṣe Kí Ọmọ Tó Dé

Àwọn àgbà a máa wí pé, ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ kí a ti wo ilé náà kí a tó bí ọmọ rárá.

Ní Adó-Èkìtì àti àwọn ìlú tí ó yí i ká, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í fẹ́ pèsè ohunkóhun sílẹ̀ de ọmọ tí a kò tí ì bí. Kò yẹ kí a fi wọ́n ṣẹ̀sín, nítorí pé àwọn mìíràn nínú wọn ti di ẹrù ọmọ rí, tí wọ́n sì fi omijé tú u. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wo àgbẹ̀. Kí òjò tó dé ni ó ti ń ṣán oko, tí ó sì ń tọ́jú èébù iṣu. Ta ni ó wí pé àgbẹ̀ náà ń fi iṣu tí kò tí ì hù yangàn?

Ìpèsè yìí kì í ṣe ti aṣọ olówó iyebíye. Ìró àtijọ́ tí ó rọ̀, tí a fi ọṣẹ fọ̀, tí a sá sí oòrùn kí ó gbẹ dáadáa, tó láti fi gba ọmọ. Iṣẹ́ ọkọ ni láti kó oògùn kòkó àti oògùn apakoríko kúrò nínú yàrá, láti lé ewúrẹ́ àti adìẹ jáde, àti láti so àwọ̀n ẹ̀fọn, nítorí pé ibà le fún aboyún àti ọmọ. Kí ó ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀, kí ó sì ti bá ẹni tí yóò gbé aboyún lóru sọ̀rọ̀; nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí ń dà lẹ́yìn ìbímọ lè pa obìnrin láàrin wákàtí 2.

Kí abẹ tuntun tí a kò tí ì tú wà nínú ẹrù náà pẹ̀lú. Ìwọ́ tí a fi abẹ àtijọ́ gé, tàbí tí a fi ohun ìdọ̀tí kùn, ni ọ̀nà tí àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbà wọ ara ọmọ. Láàrin ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 14 ni ó sábà máa ń fara hàn: ẹnu ọmọ a há, kò ní lè mu ọmú mọ́, ara rẹ̀ a sì gan. Bí ìyá bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ nígbà oyún, ààbò ni fún àwọn méjèèjì.

Nígbà tí àwọn míṣọ́n C.M.S. dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Adó, Ilé Àbíyè ni a sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú orúkọ náà. Bíbí nìkan kò tó. Kí a bí i kí ó yè ni à ń fẹ́. Ẹni tí ó bá gbá yàrá, tí ó fọ aṣọ, tí ó sì ya owó sọ́tọ̀, kò pe ibi wá sí ilé rẹ̀. Ọ̀nà ni ó ń là sílẹ̀ fún ìyá àti ọmọ.