Ampicillin Kì Í Pa Ibà: Ẹ Fi Ìyẹn Kọ́ Ọmọ JSS Nípa Sẹ́ẹ̀lì

Ẹ bi ọmọ JSS kan ní Òkè-Àdó léèrè ìyàtọ̀ tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì prokaryote àti eukaryote. Wéré ló máa dáhùn: "Ọ̀kan ní nucleus, èkejì ò ní." Ó ti gba máàkì nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ bá gbóná lọ́la, wọ́n lè fún un ní ampicillin fún ibà, kò sì ní rí ohun tó burú níbẹ̀. Lójú tèmi, ọmọ yẹn ò tíì mọ iṣẹ́ náà.

Ẹ wò ó báyìí. Prokaryote dà bí ẹni tó gba yàrá kan ṣoṣo: ibùsùn, ìkòkò àti ìwé ẹ̀rí, ojú kan náà ni gbogbo ẹ̀ wà. DNA rẹ̀ ò ní yàrá tirẹ̀. Bakitéríà nìyẹn. Eukaryote ní tirẹ̀ jẹ́ ilé oníyàrá púpọ̀: DNA wà nínú nucleus, mitochondria sì ń pèsè agbára bíi jẹnẹrétọ̀. Èmi, ẹ̀yin, ewúrẹ́, ewédú, títí kan ìwúkàrà inú búrẹ́dì, eukaryote ni gbogbo wa.

Ibi tọ́rọ̀ ti kàn wá rèé. Salmonella Typhi tó ń fa táífọ́ọ̀dì, prokaryote ni. Plasmodium tó ń fa ibà, tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, eukaryote ni bíi tiwa. Ògiri tí bakitéríà fi yí ara ẹ̀ ká ni ampicillin ń bàjẹ́. Sẹ́ẹ̀lì wa ò ní irú ògiri yẹn, ìdí nìyẹn tí òògùn náà ò fi pa wá. Plasmodium náà ò ní in! Tẹ́ ẹ bá wá lò ó fún ibà, ibà ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ, bakitéríà inú ìfun tí ò ṣẹ yín ló ń kú. Àwọn tí òògùn ò ràn á wá ṣẹ́kù, wọ́n á sì máa pọ̀ sí i.

Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ yìí ti ju ọmọdé lọ. Rárá o. Ọmọ JSS 2 kan tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìn bi mí pé: "Bùrọ̀dá, tí Plasmodium bá jẹ́ eukaryote bíi tiwa, báwo lòògùn ṣe ń pa á tí kò pa wá?" Ìbéèrè gidi nìyẹn! Ohun tí Plasmodium ń ṣe tí sẹ́ẹ̀lì wa kì í ṣe la máa ń wá. Ó ń jẹ hemoglobin inú ẹ̀jẹ̀ wa, irin tó ń jáde látinú oúnjẹ yẹn ló sì ń sọ artemisinin di májèlé sí i lára.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibà àti táífọ́ọ̀dì bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ya tábìlì ìyàtọ̀ sójú pátákó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, tí ara bá gbóná, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ná. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú sẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ fẹ́ bá jà kẹ́ ẹ tó ra òògùn.