Kọ̀ǹpútà Tí Ó Kọ̀ Láti Tàn Lẹ́yìn Tí A Fi Káàdì Kún Un

Bí ẹ kò bá tilẹ̀ ní kọ̀ǹpútà, ẹ má tìtorí rẹ̀ fo ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí ọmọ yín tàbí àbúrò yín lè ní in, àpò yín ni owó àtúnṣe rẹ̀ yóò sì ti jáde.

Láti ọdún 1990 tí wọ́n ti dá yunifásítì LAUTECH sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kọ̀ǹpútà ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń jẹun níbẹ̀. Ẹ gba Under G kọjá, ẹ ó rí wọn nínú ṣọ́ọ̀bù kéékèèké: ẹni tí ń tẹ ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí ń to fídíò ìnáwó. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà wọn, èyí tí àwọn ọ́fíìsì ìlú òyìnbó ti lò kí wọ́n tó tà á. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń tẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n sì dára fún un. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ fídíò bá wọ̀ ọ́ lára, á máa wọ́ bí ìgbín, olówó rẹ̀ á sì lọ ra graphics card, ìyẹn káàdì tí í bá kọ̀ǹpútà gbé ẹrù àwòrán. Á ki káàdì bọ inú rẹ̀, á tẹ bọ́tìnnì, kọ̀ǹpútà kò ní tàn.

Ìyá kan tí ń ta aṣọ ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ kó owó àjọ rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ tí ń to fídíò ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí ó fi ra irú káàdì bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó wá bá mi: "Tíṣà, wọ́n ní motherboard rẹ̀ ti jó, àfi kí a ra òmíràn. Owó ilé ìwé àbúrò rẹ̀ ló kù lọ́wọ́ mi o." Mo ní, "Ìyá, ẹ sọ fún un kí ó yọ káàdì náà ná, kí ó dá wáyà mónítọ̀ padà sí ihò tí ó wà tẹ́lẹ̀, kí ó wá tàn án." Ó pè é lórí fóònù níwájú mi. Kọ̀ǹpútà tàn kedere. Ẹ wá sọ fún mi, motherboard tí ó ti jó wo ló ń tàn bẹ́ẹ̀?

Ohun tí a fi kún un gbẹ̀yìn ni kí a kọ́kọ́ yọ. Bí kọ̀ǹpútà bá tàn lẹ́yìn èyí, òun fúnra rẹ̀ kò kú. Ìjà wà láàrin òun àti àlejò rẹ̀ ni.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan ṣá, ẹ yọ wáyà iná lára ògiri, kí ẹ sì fọwọ́ kan irin ara àpótí kọ̀ǹpútà. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ mọ bí aṣọ ṣe í ta páápáá lára ènìyàn bí a bá ń bọ́ ọ; iná kékeré bẹ́ẹ̀ tó láti ba káàdì jẹ́. Power pack fúnra rẹ̀, ẹ má tú u rárá, nítorí iná í sá pamọ́ sínú rẹ̀.

Ẹ wá wo irú àìtàn tí ó jẹ́. Bí fáànù bá ń yí ṣùgbọ́n tí ojú mónítọ̀ dúdú, ẹ má bẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ihò àtijọ́ ni wáyà mónítọ̀ ṣì wà, bẹ́ẹ̀ ni ara káàdì gan-an ló yẹ kí a ti ki í bọ̀. Bí ìyẹn kọ́, káàdì lè má jókòó dáadáa: ẹ yọ ọ́, ẹ fi rọ́bà tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi í pa ìwé rẹ́ nu ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó ní àwọ̀ góòlù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ tún un tì wọlé títí yóò fi dún kọ. Ẹ tẹ RAM náà mọ́lẹ̀, nítorí ọwọ́ tí ń ti káàdì lè ti kọlù ú.

Bí ó bá fi orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ hàn, tí ó wá ṣókùnkùn nígbà tí Windows ń bọ̀, ó lè jẹ́ ètò káàdì àtijọ́, tí àwọn ọmọ ń pè ní driver, ló ń bá tuntun jà. Ẹ gba Safe Mode wọlé, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi tuntun sí i.

Ṣùgbọ́n bí ó bá kú pátápátá, tàbí tí ó tàn tí ó tún kú nígbà tí iṣẹ́ bá le, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ebi. Ibi tí ọmọ ìyá aláṣọ ti kọsẹ̀ nìyí. Ihò tí a ki káàdì bọ̀ kò lè fún un ju wáàtì 75 lọ. Káàdì tí ó bá ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ ní ẹnu mìíràn, tí a ń fi wáyà bọ́ láti inú power pack: ẹlẹ́sẹ̀ 6 ń gbé wáàtì 75 wá, ẹlẹ́sẹ̀ 8 ń gbé 150. GTX 1060 tí NVIDIA gbé jáde ní 2016 ń jẹ 120, ilé iṣẹ́ náà sì ní kí power pack tí yóò bọ́ ọ tó 400. Bẹ́ẹ̀ ni 240 péré ni power pack ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì pẹlẹbẹ tí a ń rà. Ta ni í fi àmàlà ẹnì kan ṣoṣo gba àlejò ìgbéyàwó? Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò fi wáyà alásopọ̀ tan ọ̀ràn náà, ẹ kọ̀ fún un. Wáyà kì í fi oúnjẹ kún ìkòkò. Ọmọ náà dá káàdì padà, ó gba èyí tí ihò nìkan lè bọ́, tí ó sì kúrú tó fún àpótí rẹ̀, owó díẹ̀ sì padà sọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tí ó ti dàgbà náà lè má mọ káàdì tuntun títí a ó fi sọ BIOS rẹ̀ di tuntun. Ẹ má ṣe èyí lórí iná tí gbogbo wa ṣì ń pè ní NEPA, láìsí ohun tí yóò gbé e dúró, nítorí bí iná bá lọ lágbedeméjì, motherboard lè kú lóòótọ́.

Bí gbogbo rẹ̀ kò bá ràn án, ẹ gbé káàdì náà lọ sínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn tí power pack rẹ̀ tó. Bí kò bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọjà tí ó ti bàjẹ́ ni wọ́n tà fún yín. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ béèrè, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dán an wò, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì.