Ìgèrè Sàn Ju Ìlépa Lọ

Ẹni tí ó bá lọ sí ọjà ẹja ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó ní òwúrọ̀ kùtùkùtù yóò rí àwọn obìnrin tí wọ́n jókòó ti ọpọ́n ike ńláńlá, tí ẹja àrọ̀ kún inú rẹ̀, tí àwọn ẹja náà ń ju ìrù, tí omi sì ń ta sí aṣọ ẹni tí ń kọjá. Èyí tí ó bá ń jà jù lọ ni oníbàárà í nawọ́ sí. Èyí tí ó bá ti dákẹ́, tí ó dojú inú sókè, owó rẹ̀ ti já wálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ná an. Ṣùgbọ́n agbára káká ni a fi lè rí oníbàárà kan tí yóò béèrè ọ̀nà tí a gbà mú ẹja náà kúrò nínú omi rẹ̀. Ìbéèrè yìí kò yẹ ní ohun tí a ń fi ọwọ́ rọ́ tì sẹ́yìn, nítorí pé ikú ọ̀pọ̀ ẹja tí ènìyàn ń sìn kò ti ọwọ́ àìsàn wá, bẹ́ẹ̀ ni kò ti ọwọ́ ebi wá. Ọwọ́ ẹni tí ó fi ìkánjú mú wọn ni ó ti wá.

Ọ̀rọ̀ náà hàn gbangba jù lọ nínú àpótí dígí tí àwọn kan fi ń sin ẹja òkun nínú ilé. Àṣà yìí kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1853 ni a ṣí ilé ẹja tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀ láti wòran, nínú ọgbà ẹranko ìlú Lọ́ńdọ̀nù, láti ìgbà náà wá ni ìfẹ́ rẹ̀ sì ti ń ràn ká ayé. Àkúrẹ́ kò sí létí òkun, Oǹdó kò sì sí níbẹ̀. Ilẹ̀ àwọn Ìlàjẹ ní ìsàlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà ni òkun wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ sin ẹja òkun ní ìlú inú igbó bẹ́ẹ̀ ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ po òkun: yóò wọn nǹkan bí gíráàmù 35 nínú iyọ̀ tí a ṣe fún iṣẹ́ náà sínú lítà omi kọ̀ọ̀kan, kì í sì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀, yóò to òkúta àti iyùn jọ kí ẹja lè rí ibi sá pamọ́ sí, yóò sì ra ẹ̀rọ tí yóò máa ru omi náà tọ̀sán-tòru. Bí iná mànàmáná bá lọ, ẹ̀rọ amúnáwá gbọ́dọ̀ wà nítòsí, èyí kò sì nílò àlàyé fún ará Àkúrẹ́ kankan. Owó ńlá ni. Síbẹ̀, ẹni tí ó ti ná gbogbo owó yìí tán kì í sábà ronú nípa bí yóò ti mú ẹja kan jáde, títí di ọjọ́ tí ọ̀ràn yóò fi délẹ̀.

Ọ̀ràn a sì máa délẹ̀. Ẹja kan lè jẹ́ oníjà, tí kì í jẹ́ kí àwọn yòókù jẹun. Òmíràn lè ní àmì funfun wínníwínní káàkiri ara, bí ìgbà tí a bu iyọ̀ wọ́n ọn. Oògùn tí a fi bàbà ṣe a máa pa kòkòrò tí ń fa àmì náà, ṣùgbọ́n bí a bá dà á sínú àpótí tí iyùn àti ìgbín òkun wà, àwọn náà yóò kú. Nítorí náà, dandan ni kí a mú ẹja tí ń ṣàìsàn jáde lọ sínú omi mìíràn. Níbi yìí ni ìdánwò wà. Bàbá ilé mú àwọ̀n, ó tì í bọ omi. Ẹja sá sábẹ́ òkúta. Ó ti ọwọ́ kejì bọ̀ ọ́. Òkúta yí, iyùn ṣẹ́, omi dàrú. Àwọn ọmọ ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé, “Bàbá, ó wà lọ́hùn-ún!” Lẹ́yìn wákàtí kan, ọwọ́ kò tí ì tẹ ẹja oníjà náà, ṣùgbọ́n méjì nínú àwọn tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni ti ń mí gúlegúle.

Ẹja kò ní aṣọ mìíràn ju ìpẹ́ rẹ̀ àti ohun yíyọ̀ tí ó bo ara rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ gbígbẹ gbá a mú, tàbí tí ó fi àwọ̀n líle há a mọ́ òkúta, ti bọ́ aṣọ náà. Ní ti ẹja òkun, ewu rẹ̀ ju bí ojú ti rí i lọ. Omi tí ó yí i ká ní iyọ̀ ju inú ara rẹ̀ lọ. Fún ìdí èyí ni omi ara rẹ̀ fi ń jáde lọ díẹ̀díẹ̀ nígbà gbogbo, tí ó sì ní láti máa mu omi òkun láìsinmi kí ó má baà gbẹ. Bí ara rẹ̀ bá bó, ojú ibẹ̀ ni omi yóò máa gbà jáde. Pé òùngbẹ lè pa ẹja nínú omi dún bí àlọ́ létí, òtítọ́ sì ni. Ti ẹja odò, irú bí àrọ̀ àti ẹ̀pìyà, yàtọ̀ sí èyí: omi ni ń wọlé sí wọn lára, egbò a sì jẹ́ kí ó wọlé ju bó ti yẹ lọ.

Àwọn baba ńlá ti rí ọgbọ́n sí ọ̀ràn yìí kí ẹnikẹ́ni tó ṣe àpótí dígí. Ìgèrè ni ọgbọ́n náà. Ẹnu rẹ̀ gbòòrò lóde, ó sì fún nínú, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rọrùn fún ẹja láti wọlé, tí ó sì ṣòro fún un láti rí ojú ọ̀nà padà. Apẹja tí ó dẹ ìgèrè kì í lé ẹja; ńṣe ni ó ń lọ sílé lọ sùn. Ohun kan náà ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ àpótí dígí dunjú ń ṣe lónìí. Wọn a gé ọrùn ìgò ike kan, wọn a dojú rẹ̀ kọ inú, wọn a tì í padà sínú ìgò náà, wọn a sì dá ihò kéékèèké sí i lára kí omi lè máa gba inú rẹ̀ kọjá. Wọn a fi oúnjẹ tí ẹja náà fẹ́ràn sínú rẹ̀, wọn a sì gbé e sí ibi tí ẹja máa ń gbà kọjá. Ní ọjọ́ kìíní, ẹja yóò máa wò ó láti òkèèrè. Ẹni tí ó gbọ́n yóò fi ìgò náà sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kò sì ní fi oúnjẹ púpọ̀ sí ibòmíràn, títí ẹja yóò fi kà á sí ara ilé. Nígbà tí ó bá wọlé, wọn a gbé ìgò náà jáde pẹ̀lú omi inú rẹ̀. Ẹja kò fara kan ọwọ́, kò fara kan àwọ̀n, kò sì rí afẹ́fẹ́ òde. Ohun tí ó kù ni kí ẹni tí ó dẹ ẹ́ máa bẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ẹja tí a gbàgbé sínú ìgò lóru lè kú síbẹ̀.

Bí ìgò bá kùnà, alẹ́ ṣì wà. Nígbà tí a bá ti pa iná àpótí, ọ̀pọ̀ ẹja tí ń rìn lọ́sàn-án a máa sùn sínú ihò òkúta, a sì lè fi iná tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀ wá wọn. Bí a bá sì ní láti lo àwọ̀n, méjì sàn ju ọ̀kan lọ: kí ọ̀kan dúró jẹ́ẹ́, kí èkejì máa darí ẹja lọ sínú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọwọ́ lásán kò dára rárá. Àwọn ẹja òkun kan wà tí wọ́n ní ohun mímú bí abẹ ní ìdí ìrù, àwọn mìíràn sì ní oró nínú ẹ̀gún ẹ̀yìn wọn.

Àwọn kan yóò sọ pé gbogbo èyí pẹ́ jù, pé oògùn yá ju sùúrù lọ. Ní ilẹ̀ kòkó, níbi tí ìlú Oǹdó wà, kò yẹ kí a tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jiyàn lórí èyí. Gamalin 20 jẹ́ oògùn tí a fi ń pa kòkòrò ara igi kòkó, líńdéènì sì ni ohun olóró inú rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn aláìbìkítà fi rí i pé bí a bá da díẹ̀ nínú rẹ̀ sódò, ẹja yóò léfòó. Wọ́n ṣà á, wọ́n tà á, àwọn ènìyàn sì jẹ ẹ́. Ọmọ ẹja kú pẹ̀lú ìyá rẹ̀, akàn kú, edé kú. Ẹni tí ó sì ń pọn omi ní ìsàlẹ̀ odò kò mọ ohun tí ó ń gbé lọ sílé. Ní ọdún 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn Stockholm ka líńdéènì mọ́ àwọn oògùn olóró tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Bákan náà ni ó rí ní ilẹ̀ Filipínì, níbi tí àwọn apẹja ti bẹ̀rẹ̀ láti àwọn ọdún 1960 sí í fún májèlé sáyánáìdì sínú ihò iyùn, kí ẹja aláwọ̀ mèremère lè dákú, kí a sì tà á fún àwọn oníàpótí dígí ní òkè òkun. Iyùn kú, ọ̀pọ̀ nínú ẹja náà sì kú lẹ́yìn tí owó ti wọ àpò. Òróró kànáfùrù kò burú tó bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ a máa lò ó láti kun ẹja lóorun. Ṣùgbọ́n àpọ̀jù rẹ̀ a máa pa ẹja, kì í sì í ṣe ohun tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè fi ṣeré.

Ẹlòmíràn yóò sì béèrè pé kí ni a ń kẹ́ ẹja sí nígbà tí ìkòkò ọbẹ̀ ni yóò parí sí. Bí ó bá jẹ́ pé lójú ẹsẹ̀ ni yóò wọ ìkòkò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ń sin àrọ̀ nínú adágún onísìmẹ́ǹtì lẹ́yìn ilé wọn. Ẹja wọn ní láti wà láàyè títí dé ọjà, àwọn kéékèèké tí kò tí ì tó tà sì ní láti padà sínú omi kí wọ́n sì dàgbà. Ní Àkúrẹ́, níbi tí a ti dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1981, a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ ẹja sísìn níbẹ̀. Kò yẹ kí irú ìmọ̀ yìí jìnnà sí adágún tí ó wà ládùúgbò. Ẹni tí ó fẹ́ kó ẹja rẹ̀ lọ sọ́jà kì í fún un ní oúnjẹ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí ó má baà ba omi ọpọ́n jẹ́. Ìdájí ni í kó o, nítorí pé omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ dúró bí omi tútù. Yóò fa omi adágún sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò lo àwọ̀n tí ó rọ̀, kò sì ní kó ẹja jọ gègèrè.

Àrọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Ó ní ohun kan nínú orí tí ó fi lè mí afẹ́fẹ́ òde, nítorí náà kì í kú kíákíá lórí ilẹ̀, àwọn tí ń kó o sì rò pé kò sí ohun tí ó ń ṣe é. Ó tún ní ẹ̀gún líle ní lẹbẹ rẹ̀ ọ̀tún àti òsì, èyí tí í máa ń há sínú àwọ̀n. Ọ̀pọ̀ a fà á ya, ẹ̀gún a kán, ọgbẹ́ a sì ṣí sílẹ̀ kí ẹja tó dé ọpọ́n. Fọ́nrán òwú kan ṣoṣo ni wọn ìbá gé lára àwọ̀n.