Ẹni Tí Ó Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Ológbò

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ènìyàn àti ẹranko, tí ó sì ń pèsè fún gbogbo wọn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ pátápátá.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ mùsùlùmí kà sí kékeré, tí kì í ṣe kékeré lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ológbò tí ènìyàn ń sìn. Ṣé inú ilé ni kí ó máa gbé nígbà gbogbo ni, tàbí kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un kí ó máa jáde bí ó bá ti wù ú? Àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá rí irú ìbéèrè báyìí nínú ìwé ẹ̀sìn. Wọn yóò ní ọ̀rọ̀ ìrun ń bẹ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ sàká ń bẹ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò fẹ́ lọ sí ilé-kéwú ń bẹ nílẹ̀, kí ni ti ológbò níbẹ̀? Kí ẹni tí ó ń rẹ́rìn-ín rántí pé obìnrin kan wà tí ó wọ iná. A kò gbọ́ pé ó pa ènìyàn, a kò sì gbọ́ pé ó jalè. Ológbò kan ni ó tì mọ́lé.

Abdullah ọmọ Umar ni ó gba hádíìsì náà wá láti ọ̀dọ̀ Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, Bukhari àti Muslim sì jọ mú un wá sínú ìwé wọn. Kókó rẹ̀ ni pé wọ́n fi ìyà jẹ obìnrin kan nítorí ológbò tí ó há mọ́ títí tí ẹranko náà fi kú. Nígbà tí ó há a mọ́, kò fún un ní oúnjẹ, kò fún un ní omi, kò sì fi í sílẹ̀ kí ó lọ wá àwọn ẹranko kéékèèké orí ilẹ̀ jẹ fúnra rẹ̀.

Kí olùkàwé fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọ̀nà méjì ni ó ṣí sílẹ̀ fún obìnrin náà láti là. Bí ó bá ti ilẹ̀kùn tí ó sì bọ́ ọ, kò ní dẹ́ṣẹ̀. Bí kò bá ní oúnjẹ tí yóò fún un, tí ó sì ṣí ilẹ̀kùn, kò ní dẹ́ṣẹ̀. Ohun tí ó mú un dé inú iná ni pé ó dí ọ̀nà méjèèjì pa lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gba ìrìn ẹranko lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fi oúnjẹ rọ́pò ohun tí ó gbà. Nítorí náà ni Ibn Hajar, nínú Fatḥul-Bārī tí ó fi túmọ̀ ìwé Bukhari, ṣe sọ pé hádíìsì yìí fi hàn pé ó tọ́ láti sin ológbò, ó sì tọ́ láti so ó, bí ẹni tí ó so ó kò bá ti pa oúnjẹ àti omi rẹ̀ tì. Ìlànà tí ó jáde nínú rẹ̀ kò le: ẹni tí ó bá ti ilẹ̀kùn ti gba ẹrù jíjẹ àti mímu ẹranko náà sí ọrùn ara rẹ̀, kò sì lè sọ ọ́ kalẹ̀ títí di ọjọ́ tí yóò ṣí i.

Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí inú ọjà wa, ojú yóò ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí ó bá ń ná ọjà àwọn tí ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí yóò ti rí i: ológbò tí wọ́n so okùn mọ́ lọ́rùn, tí wọ́n so orí okùn kejì mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Okùn náà kò gùn ju apá ènìyàn lọ. Ibi tí ó ń sùn náà ni ó ń ṣu sí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, olówò a ti ṣọ́ọ̀bù, a fi àgádágodo sí i, a sì gba ilé lọ. Bí ó bá tì í ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ó di òwúrọ̀ Mọ́ńdè. Bí ó bá jẹ́ àsìkò ọdún Iléyá, tí olówò ti lọ sí ìlú rẹ̀ láti lọ pa àgbò, ó lè di ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ilẹ̀kùn náà. Ooru páànù ń bẹ lókè, omi kò sí nílẹ̀. Bí wọ́n bá bi olówò léèrè, èsì kan ṣoṣo ni ó ní: bí òun bá bọ́ ológbò yó, kò ní pa eku mọ́.

Èsì yìí kò dúró lórí ẹsẹ̀ kankan. Ẹni tí ó bá ti sin ológbò rí mọ̀ pé ebi nìkan kọ́ ni ó ń mú un ṣọdẹ. Èyí tí ó yó pàápàá a máa lé eku, nítorí àdámọ́ rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, eku wo ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ìdí okùn kí wọ́n lè pa á jẹ? Olówò so ẹranko mọ́lẹ̀ kí ó má lè lé eku, ó sì tún ní eku ni kí ó máa jẹ. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀ àti obìnrin inú hádíìsì? Bóyá olówò náà sì jẹ́ Alhaji tí ó ti yí Kaaba po, tí àwọn ènìyàn ń kí i kú orí ire, tí ó sì ń ná owó púpọ̀ sórí ẹran iléyá, nígbà tí ẹranko mìíràn ń gbẹ lọ lẹ́yìn àgádágodo rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò wá sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ohun tí ó rọrùn jù ni kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ pátápátá, kí ológbò máa lọ kí ó máa bọ̀, kí olówó rẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Èyí náà kò tó. Ìta tí ń bẹ lónìí kọ́ ni ìta àtijọ́. Ọkọ̀ àti ọ̀kadà ń sáré kọjá ní ẹnu ọ̀nà. Ní àdúgbò púpọ̀, wọ́n ń da oògùn eku sílẹ̀. Eku tí ó jẹ ẹ́ a máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ológbò a mú un láìṣe wàhálà, òun náà a sì kú. Àwọn aláìmọ̀kan sì tún wà tí wọ́n gbà pé àjẹ́ ni ológbò tí ó bá ké lóru, pàápàá bí ó bá jẹ́ dúdú, tí wọn yóò sì fi igi àti òkúta lé e títí yóò fi kú. Ìgbàgbọ́ yìí kò ní ìdí nínú Islām. Ó yẹ kí àwọn ààfáà máa kọ̀ ọ́ ní gbangba, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ju òkúta náà ni ó ń kírun lẹ́yìn wọn.

Yàtọ̀ sí ewu tí ń bẹ fún ológbò, ewu wà tí ológbò fúnra rẹ̀ ń mú bá ẹlòmíràn. Ní ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀rọ̀ yìí ti di ohun tí ìjọba ń ṣe òfin lé lórí. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde pé ológbò ń pa ẹyẹ tí iye wọn wà láàárín bílíọ̀nù 1.3 sí bílíọ̀nù 4 lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè náà, àti pé èyí tí kò ní olówó ni ó ń pa púpọ̀ jù nínú wọn. Ní Canberra, olú-ìlú Australia, òfin sọ pé ológbò tí wọ́n bá bí láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2022 kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú ilé àti ọgbà olówó rẹ̀ láìsí ẹni tí ó mú un dání. Ní ọdún 2022 yìí kan náà, ní ìlú Walldorf ní Jámánì, àwọn aláṣẹ pàṣẹ kí àwọn ará apá kan ìlú náà ti ológbò wọn mọ́lé ní àsìkò tí ẹyẹ kan tí ó ń yé sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ń tọ́ ọmọ, nítorí pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó kù nínú irú ẹyẹ náà ní agbègbè ọ̀hún.

Kò pọn dandan kí mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá kó òfin Canberra wá sílé. Iṣẹ́ ológbò níhìn-ín yàtọ̀. Àwọn àgbà sọ pé bí ológbò kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté, kì í sì í ṣe àwàdà. Ní ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀ ní ìlú Lassa ní ilẹ̀ Borno, lẹ́yìn náà ni ó sì hàn pé eku ni ó ń gbé e kiri, tí ó ń tọ̀ tí ó sì ń ṣu sí oúnjẹ ènìyàn. Ológbò kò lè rọ́pò kí ènìyàn bo oúnjẹ rẹ̀ kí ó sì gbá ilé rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ ni. Ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí a mú nínú òfin àwọn ará ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún ẹranko rẹ̀ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè. Ẹyẹ náà, Ọlọ́hun ni ó dá a. Adìẹ aládùúgbò náà sì ní olówó.

Islām ti sọ̀rọ̀ lórí èyí kí Canberra tó di ìlú. Ó wà nínú Muwatta Imam Malik, ẹni tí a ń tẹ̀lé mọ́dáábù rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, pé ràkúnmí al-Bara ọmọ Azib wọ inú ọgbà ẹnì kan, ó sì ba nǹkan jẹ́. Ìdájọ́ Ànábì ni pé àwọn ọlọ́gbà ni kí ó máa ṣọ́ ọgbà wọn lọ́sàn-án, ohun tí ẹran bá sì bàjẹ́ lóru, ọrùn olówó ẹran ni ó wà. Ní ti ológbò gan-an, Ibn Qudamah kọ ọ́ sínú al-Mughni pé ẹni tí ó bá ń sin ológbò tí wọ́n mọ̀ sí ajẹ-òròmọdìẹ yóò san ohun tí ó bá bàjẹ́. Bí kò bá ní irú ìwà bẹ́ẹ̀, kò ní san. Nítorí náà, ẹni tí aládùúgbò bá wá bá pé ológbò rẹ̀ ti kó òròmọdìẹ òun jẹ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbọdọ̀ dá a lóhùn pé ẹranko kò ní ọgbọ́n. Òun tí ó ní ọgbọ́n ni kí ó ti ilẹ̀kùn.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ já sí? Hádíìsì kejì ni yóò là á. Abu Qatadah wọ ilé ọmọ rẹ̀, Kabshah ìyàwó ọmọ náà sì bu omi àlùwàlá fún un. Ológbò kan wá, ó fẹ́ mu nínú omi náà, Abu Qatadah sì tẹ igbá omi fún un títí ó fi mu yó. Nígbà tí ó rí i pé ìyàwó ọmọ òun ń wo òun tìyanu-tìyanu, ó sọ fún un pé Ànábì ti sọ pé ológbò kì í ṣe ẹlẹ́gbin, nítorí pé ó wà lára àwọn tí ń rìn yí ènìyàn ká. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó wà níbẹ̀ wá láti orísun kan náà pẹ̀lú tọ́wááfù tí àwọn alálàájì ń ṣe. Òun náà ni Àlùkùránì lò nínú Sūratu n-Nūr, āyah 58, fún àwọn ìránṣẹ́ àti ọmọdé inú ilé tí ń wọlé tí ń jáde láàárín wa. Ará ilé ni ológbò, kì í ṣe àlejò, kì í sì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n. Inú ilé ni ibùgbé rẹ̀, rírìn sì ni àdámọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe dáadáa sí i yóò wá ọ̀nà tí kò fi ní gba ọ̀kan nínú méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí ni ohun tí ó ṣeé ṣe fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó ní àgbàlá tí ó ní ọgbà, kí ó jẹ́ kí ológbò rẹ̀ máa rìn níbẹ̀ lọ́sàn-án, kí ó sì pè é wọlé bí ilẹ̀ bá ṣú, nítorí pé òru ni àsìkò tí ẹran wà lọ́rùn olówó rẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé yàrá kan ní ojú títì tí kò lè ṣí ilẹ̀kùn, kí ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí. Ṣùgbọ́n kí omi má gbẹ nínú àwo, kí oúnjẹ má wọ́n, kí ó wá iyanrìn tí yóò máa ya ìgbẹ́ sí, kí ó sì fi ojú fèrèsé sílẹ̀ fún un kí ó lè rí oòrùn. Yálà nínú ilé ni tàbí níta, kí ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko fún abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, nítorí pé kì í ṣe ajá nìkan ni àrùn náà ń mú. Ẹni tí ó bá da oògùn eku sílẹ̀, kí ó sọ fún àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè sin ológbò mọ́, kí ó wá ẹni tí yóò gbà á. Kí ó má di í sínú àpò lọ jù sí ààtàn.

Ní ti olówò inú ọjà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gba àròjinlẹ̀. Kí ó tú okùn náà lónìí. Bí ó bá ti ṣọ́ọ̀bù pa lálẹ́, kí ológbò máa rìn nínú rẹ̀ láìsí okùn, nígbà náà ni yóò tó lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ mú un wá. Kí ó gbé omi àti oúnjẹ kalẹ̀ kí ó tó lọ. Bí ó bá sì ń lọ fún ọdún Iléyá, kí ó gbé e lọ sílé, tàbí kí ó fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tí yóò máa wá lójoojúmọ́ lọ́wọ́. Owó ẹja tí yóò fi bọ́ ológbò fún oṣù kan kò tó ohun tí eku lè fi ya àpò ìrẹsì méjì.

Ẹran iléyá tí wọ́n pa kò lè sọ̀rọ̀. Ológbò tí ó ń ké lẹ́yìn àgádágodo náà kò lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Ọba tí ó gbọ́ ohùn ológbò obìnrin ìjọ́sí kò tíì di odi. Kí Ọlọ́hun fi àánú sí ọkàn wa fún ohun gbogbo tí Ó fi sí abẹ́ wa, kí Ó má sì jẹ́ kí ẹranko jẹ́ ẹlẹ́jọ́ wa ní ọjọ́ ìgbéǹde. Āmīn.