Ife 1974 ò san gbèsè 1971

1/ Ẹ̀yin tèmi, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá o, ṣùgbọ́n ẹni tí kì í wo bọ́ọ̀lù náà lè jókòó. Ìtàn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọkùnrin Yunifásítì Howard ni, ní Washington, Amẹ́ríkà. Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí, ibi tó dùn ni gbogbo èèyàn máa ń sáré lọ. Èmi fẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi tó korò.

2/ Ọdún 1867 ni wọ́n dá Howard sílẹ̀, ó sì wà lára àwọn yunifásítì àwọn èèyàn dúdú tó lórúkọ jù ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1970, kóòṣì tuntun dé: Lincoln Phillips, ọmọ Trinidad, tó ti ṣe gólì fún orílẹ̀-èdè ẹ̀. Àwọn wo ló wà nínú tíìmù ẹ̀? Ọmọ Trinidad, ọmọ Jamaica, ọmọ Guinea, ọmọ Nàìjíríà. Ìwé ni wọ́n wá kà, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ bọ́ọ̀lù gbá láti ilé.

3/ Oṣù Kejìlá 1971, ìlú Miami, àṣekágbá ìdíje NCAA. Saint Louis University ni wọ́n bá pàdé, àwọn tó gba ife yẹn ní 1969 àti 1970. Howard nà wọ́n 3-2. Ìdíje 15 ni wọ́n gbá lọ́dún yẹn, ẹnì kankan ò nà wọ́n.

4/ Ní 1973, àjọ NCAA gba ife náà padà. Wọ́n ní àwọn kan nínú tíìmù yẹn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ wo ọ̀kan lára àwọn òfin tí wọ́n lò: ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tó bá ti lé ní ọdún 19, tó sì gbá bọ́ọ̀lù nílùú ẹ̀ kó tó dé, ọdún kọ̀ọ̀kan tó fi gbá a, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú iye ọdún tó lè fi gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì. Ọmọ Amẹ́ríkà ńkọ́? Òfin yẹn ò kàn án.

5/ Òfin mìíràn ní akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi ìdánwò hàn ṣáájú pé máàkì ẹ̀ ò ní wálẹ̀ ju 1.6 lọ. NCAA fúnra wọn ló fagi lé òfin yìí, ní 1973 kan náà.

6/ Howard gba kóòtù lọ. Adájọ́ ní òfin àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè yẹn tako ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tó dọ́gba. Ní 1975, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ bákan náà. Mi ò ní tàn yín o: kóòtù ò dá gbogbo ẹjọ́ náà fún Howard, wọ́n ní àwọn òfin yòókù dúró. Ife ò padà.

7/ Kí kóòtù tó parí ọ̀rọ̀, 1974 ti ṣẹlẹ̀. Ìdíje 19, wọ́n borí 19. Ìlú St. Louis gan-an ni wọ́n ti gbá àṣekágbá, lójú àwọn èèyàn alátakò wọn. Ọ̀mì. Wọ́n fi àfikún àkókò sí i, ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ìgbà yẹn ni Kenneth Ilodigwe gbá a wọlé. 2-1. Ọmọ Nàìjíríà! Mélòó nínú wa ló mọ orúkọ ẹ̀?

8/ Ibi tí ìjà mi wà nìyí. Àwọn èèyàn á ní, “Ṣé ẹ rí i, Ọlọ́run ti dá a padà fún wọn.” Háà. Tí ọ̀gá ẹ bá jẹ owó oṣù kan mọ́ ẹ lọ́wọ́, tí o wá ṣiṣẹ́ bí ẹrú, tí o gba ti oṣù tó tẹ̀lé e, ṣé ó ti san gbèsè àkọ́kọ́ nìyẹn? Òógùn ẹ lo gbà, kò dá nǹkan kan padà.

9/ Ẹnì kan á ní òfin lòfin. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn òfin yẹn, kóòtù ní ìrẹ́jẹ ni. Òmíràn, àwọn tó ṣe é ló sọ ọ́ nù. Kò sẹ́ni tó ní wọ́n ra rẹfirí. Báwo ni òfin ṣe máa kú, tí ìyà ẹ̀ á ṣì wà láàyè?

10/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wá admission sókè òkun, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Òfin kan lè dà bíi pé fún gbogbo ayé ni, kó jẹ́ àlejò nìkan ló ń mú. Ẹ máa kà á dáadáa. Tó bá wọ́, ẹ sọ pé ó wọ́. Howard gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n tún gba kóòtù lọ. Wọn ò fi ọ̀kan dúró de èkejì.

11/ Nínú ìwé NCAA, wọn ò fún ẹnì kankan ní ife 1971. Àyè yẹn ṣófo títí dòní. Kí wọ́n kọ Howard síbẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí sí i? Mò ń ka èsì yín.