Àádọ́ta Ọ̀kẹ́ Kò Ju Ẹnu Yorùbá Lọ

Àwọn olùkọ́ kan ń sọ pé òǹkà Yorùbá kò tó í fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Wọ́n ní bí iye bá ti di ńlá, kí ọmọ kúkú wí “mílíọ̀nù” kí ó sì sinmi. Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà, ó sì ń pa ọmọdé lára.

Kí olúkúlùkù wo 1,000,000 dáadáa. “Mílíọ̀nù” kò sọ ohun tí ó wà nínú iye náà fún ọmọdé. Yorùbá pè é ní àádọ́ta ọ̀kẹ́, èyíinì ni 20,000 lọ́nà 50. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ni ìṣirò. Láyé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni a ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn di ẹgbàá kan, 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá sì kún ọ̀kẹ́ kan.

Ẹni tí ó bá ní ìmọ̀ àtijọ́ lásán ni èyí, kí ó bojú wo Circle, oríta ńlá tí a fi orúkọ Kwame Nkrumah sọ ní Accra, ìlú tí Yorùbá ti ń ṣòwò láti ìgbà pípẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2007, Gánà sọ 10,000 sídì àtijọ́ di sídì titun kan ṣoṣo. Títí ọdún náà fi parí, owó méjèèjì ni a jọ ń ná. Ẹni tí ó ń yọ òdo mẹ́rin kúrò, bí ó bá ṣi ẹyọ kan yọ, èrè rẹ̀ ti wọmi. Ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ẹgbàárùn-ún méjì. Oníṣòwò tí ó mọ òǹkà baba rẹ̀ kò ní òdo í kà: kí ó ṣáà sọ iye ọ̀kẹ́ di ìlọ́po méjì. Ọ̀kẹ́ mẹ́ta, sídì mẹ́fà. Àádọ́ta ọ̀kẹ́, ọgọ́rùn-ún sídì.

Òtítọ́ ni pé yíyọ inú òǹkà náà, bí i márùndínláàádọ́ta, a máa dá ọmọ dúró nígbà tí ó bá ń kọ ìṣirò sílẹ̀. Èyí kò tó ìdí láti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kí olùkọ́ kọ 1,000,000 sójú pátákó, kí ọmọ pín in: ọ̀kẹ́ 50, ẹgbàá 500, igba 5,000, láìṣẹ́kù rárá. Ọmọ tí ó ṣe èyí ti mọ iye náà tinú tẹ̀yìn; èyí tí ó wí “mílíọ̀nù” lásán, òdo mẹ́fà ni ó mọ̀.